Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Mọ́ Àǹtí

Wẹ́dà kú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ń dá gbé irin géètì ti gbẹ bí igi ìdáná láàárín oṣù mélòó kan, bẹ́ẹ̀ omi ló ń mu ṣáá. Aránṣọ, ìyàwó rẹ̀, kò mọ ohun tó pa á. Aládùúgbò ló bá a mọ̀ ọ́n.

"O ò fura sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ? Òru wo ni kì í jáde? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí."

Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n náà, opó tí kò bímọ; òun ló tọ́ Wẹ́dà dàgbà, ọ̀dọ̀ wọn náà ló ń gbé. Láti ìgbà náà ni Aránṣọ ti ń dẹtí. Bí ilé bá ti pa rọ́rọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á dún; Àǹtí á jáde, á wọlé, á tún jáde. Lóru ọjọ́ kan, bó ṣe ń jáde ni òwìwí ké lórí òrùlé. Aránṣọ dìde, ó lọ dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ta lẹ ń lọ bá níta?"

"Ìtọ̀ ni mo lọ tọ̀, ìyàwó mi."

"Ìtọ̀ wo ni kì í tán? Ẹ̀yin lẹ pa ọkọ mi."

Àǹtí wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Aránṣọ á fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kí ó má baà tọ̀ sórí ẹní, Àǹtí kò mu omi mọ́, bí òǹgbẹ tilẹ̀ ń gbẹ ẹ́ bí ẹni máa kú. Kò pẹ́ tí kò fi lè dìde mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. "Àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ti pọ̀ jù lára wọn, ìtọ̀ ni ara fi ń tú u dànù. Nǹkan míì lè fa ìtọ̀ léraléra, oyún tàbí kòkòrò inú ilé ìtọ̀, àyẹ̀wò ló ń fìyàtọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n èyí máa ń tẹ̀lé ìdílé. Ṣé ẹlòmíì ń tọ̀ báyìí nílé yín, tó sì ń rù?"

Aránṣọ rántí bí Wẹ́dà ṣe máa ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóru, àti bí òun ṣe máa ń bi í pé obìnrin wo ló ń lọ bá.

"Ọkọ mi ni," ó ní. "Ó ti kú."

Àǹtí yíjú sí dókítà. "Oògùn tí ẹ fún mi yìí, ṣé ì bá ran àbúrò mi lọ́wọ́?"

"Ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an, Màmá, ká ní wọ́n tètè wá."

Àǹtí kọjú sí ògiri. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Àǹtí kò di ọwọ́ náà mú, kò sì gbọ́n ọn dànù.