Ẹ̀rọ Agbọ́kàn àti Odò Àlùkò

Ìkòkò funfun ni ẹ̀rọ Agbọ́kàn jọ, ìkòkò tí wọ́n da ojú rẹ̀ bolẹ̀, tí wọ́n wá so kọ́ sókè àga kan. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ á gbọ́ ohùn kékeré, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí ewé kókò lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ọmọ ibo ni ọ́?" Kì í ṣe ẹnu ló ń fetí sí, ọkàn ni. Ibi tí ọkàn ẹni bá fò lọ nígbà tó gbọ́ ìbéèrè náà, ibẹ̀ ni Agbọ́kàn á kà sí ilé rẹ̀.

Ìlú Ilé-Òṣù ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá ní ìgbà kan tí ojú tèmi tìrẹ kò ní bá. Òrùlé díńgí ló bo gbogbo ìlú náà, ẹ̀rọ aṣèémí sì ń mí fún àwọn ará ibẹ̀ jẹ́jẹ́, bí abiyamọ tó sùn. Ara kì í wúwo níbẹ̀. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ sọdá títì, á kàn fò fẹ́rẹ́, agbádá rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tí kò kánjú. Lókè díńgí, ayé tí gbogbo wọn ti wá dúró sójú kan. Kì í yọ, kì í wọ̀. Ó ń dán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró.

Bàbá Láyíwọlá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ìbíyẹmí, wá síbẹ̀ nígbà tí odò ìlú wọn gbẹ, tí ìlú sì tú. Àlùkò ni odò náà ń jẹ́, Ìdí-Oṣè ni ìlú. Láti ìgbà náà, adúródèwé ni wọ́n: wọ́n ti béèrè fún ìwé onílé, wọn kò tíì rí i gbà. Adúródèwé lè ṣiṣẹ́, ó lè kọ́lé, ó lè sin òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gba ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ìlú ń fún akẹ́kọ̀ọ́, alágbàtọ́ ọmọ náà gbọ́dọ̀ jókòó sábẹ́ Agbọ́kàn, kí ẹ̀rọ jẹ́rìí pé ó ti fi Ilé-Òṣù ṣe ilé.

Ìmọ̀ ajíomi ni Ìbíyẹmí fẹ́ kọ́, ìmọ̀ tí wọ́n fi ń jí odò tó ti kú. Ilé-ẹ̀kọ́ ti gbà á. Ìrànwọ́ ló kù, bí kò bá sì rí i, kò lè wọlé.

Bàbá jókòó sábẹ́ ìkòkò náà.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìdí-Oṣè ni mí." Kò tilẹ̀ rò ó kó tó sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n máa bi ní irú ìbéèrè yẹn tí kò ní dárúkọ ìlú baba rẹ̀?

Iná pupa tàn. "Ọkàn rẹ kò sí níhìn-ín," ni ẹ̀rọ wí. "Kò sí ìrànwọ́."

Bàbá yíjú sí Ọ̀mọ̀wé Àrínọlá, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. "Ẹ̀rọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, òun ló wá mọ inú mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkàn ló ń gbọ́, kì í gbọ́ ọjọ́ orí."

"Ìwọ ńkọ́, Ọ̀mọ̀wé? Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìkìrun ni wá, sà."

"O ti dé Ìkìrun rí?"

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. "Orí òṣùpá níbí ni wọ́n bí ìyá tó bí ìyá mi, sà."

"Háà! Wá jókòó sábẹ́ ìkòkò rẹ, ká wo iná tó máa tàn."

"Onílé ni mí, Bàbá. Agbọ́kàn kì í bi onílé."

Bàbá pòṣé. Ọ̀mọ̀wé wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀nà kan wà. Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló lè gbé. Á rọra gbé ìlú yẹn kúrò lọ́kàn yín, bí a ṣe ń gbé ọmọ tó sùn kúrò lórí ẹní. Kò ní dùn yín. Ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n bó bá lọ, kì í padà."

"Kí n ta baba mi?"

"Mi ò ní kí ẹ tà á, sà."

"Má fi ọ̀rọ̀ yẹn lọ̀ mí mọ́ láyé." Ó fò jáde.

Ìbíyẹmí kò sunkún. Ó lọ bá àwọn tó ń nu eruku orí òrùlé ìlú, wọ́n sì fún un ní ẹ̀wù líle tí wọ́n fi ń jáde sí òfuurufú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá ń kọjá lọ nísàlẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì rí i lórí díńgí, ó kéré bí èèrà, ayé ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi ìka ya ìlà kan sínú eruku, ìlà tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Bàbá mọ̀ ọ́n. Odò Àlùkò ni, bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń yà á fún un nígbà tó wà ní kékeré. Ó yà á tán, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nù ún kúrò, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ kí Bàbá. Bàbá ki oríkì ìlú wọn fún un bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ó ní, "Ó yá, ìwọ náà ki í fún mi."

"Èmi kẹ̀? Ṣé ọmọ ló ń ki baba ni?"

"Lónìí, ọmọ ló ń ki baba. Bí o bá ṣì í, o ò jẹ mọ́ínmọ́ín."

Ó ṣì í. Bàbá tún un ṣe. Ó tún ṣì í, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, Bàbá tún mú un padà sí ìbẹ̀rẹ̀, títí tó fi ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ láìkọsẹ̀. Eré ló pè é. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò, ó sì bọ́ sóde.

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?" ni Ọ̀mọ̀wé Àrínọlá béèrè.

"Mo ti gbé e pa mọ́ síbì kan. Tan ẹ̀rọ rẹ."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ sórí ewé kókò. Bàbá rí omi tó mọ́, àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ dúró sétí odò, ó ń fọwọ́ pè é kó wá jẹun. Ó fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n etí odò náà ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ìyá náà ń kéré sí i, omi ń tín-ín-rín bí okùn, bí òwú, bí èéfín. Òjò dá.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

Bàbá wo yàrá náà. Ó wo títì funfun tó wà lóde.

"Ọmọ ibí ni mí."

Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ọ̀mọ̀wé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ojú rẹ̀. Bàbá bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún.

Nígbà tí ìròyìn dé etí Ìbíyẹmí, ó fò débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. "Bàbá! Wọ́n ti fún mi! Ẹ̀rọ yẹn ti yí ọkàn rẹ̀ padà!"

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. Inú òun náà dùn.

Ní òwúrọ̀ tí Ìbíyẹmí máa kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó kúnlẹ̀, ó dorí kodò, ó ń retí.

"Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn," ni Bàbá wí. "Dìde, kó o má pẹ́."

Kò dìde. "Bàbá, ẹ gbàgbé nǹkan kan."

"Kí ni?"

Ìbíyẹmí rò pé eré ọjọ́sí ló tún dé. Òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

"Ọmọ Ìdí-Oṣè,
Ọmọ Àlùkò tí í ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé,
Ọmọ omi tútù tí í pa òǹgbẹ àlejò,
Ẹni tó mu ún lẹ́ẹ̀kan, á padà wá mu ún."

Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí, bí a ti ń mi orí sí orin tó ń bọ̀ láti ilé ẹlòmíràn. "Ó mà dùn o," ni ó wí. "Àwọn wo ló ni ín?"

Ìgbà yẹn ni Ìbíyẹmí rántí ọwọ́ Bàbá tó pẹ́ lórí rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó yí ọkàn padà, kì í ṣe ẹ̀rọ.

"Odò kan ni, Bàbá," ni ó wí. "Àlùkò lorúkọ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí."

Bàbá gbójú sókè, ó wo ayé lẹ́yìn díńgí. Ó tutù lójú, ó lẹ́wà, kò sì pè é.

"Jí i," ni ó wí. "Àwọn tó ni ín á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ìbíyẹmí fi orí kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ná, Bàbá."