Ọ̀kadà Abẹ́ Àtẹ̀gùn

"Yí iná yẹn síbí, ojú wa ò hàn!" Loveth pariwo.

Roheemat yí ọwọ́ ọ̀kadà bàbá rẹ̀, iná iwájú rẹ̀ sì tàn yòò sára ògiri. Iná kò sí ní àdúgbò wọn ní Ìkòsí láti àárọ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn sì ti ń ṣú. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì gbé fóònù lé orí búlọ́ọ̀kù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Loveth na ọwọ́ sí fèrè ọ̀kadà náà, pẹ̀ẹ́! pẹ̀ẹ́! Ó bá ijó mu gan-an. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

"Gbogbo kíláàsì ló máa wo fídíò yìí," Loveth sọ. "Jẹ́ ká tún un ṣe!"

Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, títí iná náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́.

"Kí ló ń ṣe é?" Roheemat bèèrè.

"Òun náà ti jó, ó ti rẹ̀ ẹ́," Loveth fèsì.

Ọ̀kadà yẹn ni Junaid, bàbá Roheemat, fi ń bọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ní kí ọ̀kadà akérò kúrò lójú pópó, ó gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fi tapólì bò ó, ó sì lọ ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12. Ẹ̀yìn ń dùn ún lójoojúmọ́. Irin tí wọ́n fi ń fẹsẹ̀ ta ọ̀kadà náà ti kán, bọ́tìnì nìkan ló kù tó lè tan án. Nítorí náà, ó gbé iṣẹ́ kan lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ní gbogbo Sátidé tó o bá fẹ́ fọ aṣọ, kọ́kọ́ tan ọ̀kadà yìí. Má pa á títí wàá fi sá aṣọ tó kẹ́yìn. Bátìrì tó bá kàn jókòó, kíkú ló ń kú lọ."

Roheemat ṣe é bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ariwo rẹ̀ sú u, kì í jẹ́ kó gbọ́ orin tó ń gbọ́. Ló bá di pé á tan án, á gbọ́ gbrrr, á sì pa á lójú ẹsẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ tán. Kò mọ̀ pé títan ọ̀kadà máa ń fa agbára púpọ̀ nínú bátìrì, àfi kó ṣiṣẹ́ pẹ́ kí agbára náà tó padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì fídíò yẹn, Junaid sáré jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà ní etí rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Roheemat! Wọ́n ti pè mí o! Àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri ní Gbàgádà! Wọ́n ní kí n gun tèmi wá lónìí, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú tirẹ̀, wọn ò ní gbé tiwọn fún un. Tí mi ò bá dé, wọ́n á mú ẹlòmíì." Ó jó díẹ̀. "Apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ó dàbọ̀!"

Ó ká tapólì. Ó tẹ bọ́tìnì.

Tíkì.

Ó tún un tẹ̀. Tíkì, tíkì.

"Epo inú ẹ̀ ló ti bàjẹ́," ó sọ, ó sì fa sípánà yọ. "Àfi kí n tú u."

Loveth tó wá kí wọn fi ìgbọ̀nwọ́ gún Roheemat. "Dákẹ́ o," ó rọra sọ. "Wọ́n ṣáà ti ní epo ni."

Roheemat wo bàbá rẹ̀ tó ń tú ohun tí kò bàjẹ́. Ilẹ̀ ti ń mọ́ gan-an. Bó bá tú u tán, tó tún un tò, ọ̀sán á ti pọ́n, iṣẹ́ á sì ti lọ.

"Daddy, kì í ṣe epo. Bátìrì ni. A fi iná ẹ̀ ya fídíò lánàá. Mi ò sì ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Sátidé."

Sípánà dúró lọ́wọ́ Junaid. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Loveth.

"Ọ̀kadà mi lẹ sọ di Nẹ́pà?"

"Ẹ má bínú, sà," àwọn méjèèjì sọ.

"Inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bátìrì, ebi ló ń pa á, kò tíì kú. Ẹ dìde! Ẹ wá tì mí!"

Òpópónà wọn dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Junaid gun ọ̀kadà, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ó fi í sí jíà kejì, ó di kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ òsì mú. Roheemat àti Loveth bọ́ sẹ́yìn. Àlàájà Ajarat, onílé wọn, so ìró rẹ̀ le, òun náà sì dara pọ̀.

"Junaid, má kó wa sínú gọ́tà o!"

"Ẹ sáré, Àlàájà!"

Wọ́n sáré. Ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọ̀kadà náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n tún sáré. Ó wúkọ́, ó tún dákẹ́. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gọ́tà sì wà níwájú. Bàtà Roheemat bọ́, kò wẹ̀yìn. Ó fi gbogbo ara tì í.

Pà! Pà! Gbrrrrr!

Èéfín bò wọ́n lójú. Gbogbo òpópónà hó yèè! Junaid gbé ọwọ́ sókè, ó ya kúrò lẹ́bàá gọ́tà, kò sì dúró. Ta ló jẹ́ dúró?

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa kí fóònù Roheemat tó dún.

"Wọ́n ní kí n pa á, kí n tún un tàn lójú wọn," Junaid sọ.

"Ṣé ó tàn?" Roheemat bèèrè.

"Láti Ìkòsí dé Gbàgádà, mi ò jẹ́ kó sinmi. Mo tún ń yípo níwájú géètì wọn títí wọ́n fi pè mí, tí máìgádì ń bú mi. Mo tẹ bọ́tìnì, ó kọ́kọ́ fà bí ẹni tó ń sùn, mo ní ó parí. Ló bá bú jáde! Wọ́n gbà mí, Roheemat! Wọ́n gbà mí!"

"Ó tàn!" Roheemat ké, ó ń fò sókè.

"Iná ti dé?" Àlàájà bèèrè láti òkè.

"Rárá, ọ̀kadà ni!"

Ọ̀kadà iléeṣẹ́ ni Junaid yóò máa gùn. Tirẹ̀ padà sábẹ́ àtẹ̀gùn, Roheemat ló sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Òun ló gbé bátìrì náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣáájì irú rẹ̀, òun ló sì fi omi gbígbóná fọ ohun funfun tó hù sẹ́nu irin rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tún fi hàn án pé bí wọ́n bá fẹ́ rìnrìn àjò tó pẹ́, kó tú wáyà dúdú kúrò lára bátìrì, kí agbára rẹ̀ má bàa tán. Kò sì gbọ́dọ̀ ya fídíò kankan níbẹ̀ mọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀kadà ń dún, Roheemat ń fọ aṣọ. Loveth dé, ó fi ọwọ́ di etí.

"Pa á jàre! Ó ti ṣiṣẹ́ tó!"

Roheemat ti mọ̀ báyìí. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kéèyàn ṣe dópin, kó ṣe é dópin. Bó bá sì ti bà á jẹ́, kó sọ ọ́ kíá, nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.

Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ kan sókè, omi ọṣẹ ń kán sílẹ̀.

"Sọ́ọ̀kì ṣì ku ẹyọ kan."