Inú Rírun Ìyàwó Aránṣọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n má baà pariwo. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ajá ló kọ́kọ́ kú, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n fi orúkọ àjẹ́ lé aya jáde nílé ọkọ.

Ajá Màmá, ìyá ọkọ, ni. Ó jí láàárọ̀, ó ń ṣeré. Kó tó di ọ̀sán, ó ń rìn bí ọ̀mùtí. Ó ṣubú sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ó gbọ̀n, ó kú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyàwó àwọn ọmọkùnrin Màmá méjèèjì ló ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló dá a sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Aṣọ ìgbéyàwó funfun niṣẹ́ wọn, òfin Abẹ́rẹ́ sì le: a kì í jẹun níbẹ̀ nítorí epo, a kì í mú ohun oníṣúgà wọlé nítorí èèrà. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko, òun làwọn oníbàárà ń béèrè. Àfìgbà tí ìyàwó àbúrò dé, tí ọwọ́ rẹ̀ dán, tí wọ́n wá ń wọlé pé, “Ẹ dákun, ìyàwó kékeré ńkọ́?” Bí Abẹ́rẹ́ bá ti gbọ́ ọ, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́ láyà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ikú ajá ni inú ìyàwó kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í run. Á wú, á máa kùn, òun á sì sáré dé ilé ìgbẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Ó rù. Ọjọ́ Àìkú nìkan, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù pa, ni inú náà máa ń dákẹ́.

“Àjẹ́ ké lánàá, ajá mi kú lónìí!” Màmá kígbe mọ́ Abẹ́rẹ́. “Ṣé ẹ tún fẹ́ kí n wádìí?”

Ìyàwó kékeré ń sunkún. “Bí mo bá ti kúrò lọ́dọ̀ Ìyálé, ara mi máa ń yá.”

“Ìyàwó, ṣé inú ìfun rẹ ni mò ń sùn ni?” Abẹ́rẹ́ bi í.

“Gbọ́ ẹnu ẹ!” ni Màmá dá a lóhùn. “Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún ọ. Bí ara ọmọ yìí ò bá yá, kó ẹrù ẹ.”

Ọkọ Abẹ́rẹ́ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹyẹ dúdú kan bà sórí páànù ṣọ́ọ̀bù, ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Abẹ́rẹ́ pa ilẹ̀kùn dé. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun ti wí i nínú ọkàn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé kí nǹkan ṣe ọmọ yìí. Nǹkan sì ń ṣe é. Ṣé ènìyàn lè jẹ́ àjẹ́ kó má mọ̀?

Ọjọ́ kẹta pé. Màmá wọ́ àpò ńlá Abẹ́rẹ́ síta. Nínú ṣọ́ọ̀bù, nọ́ọ̀sì kan ń gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wọ̀ wò nígbà tí ìyàwó kékeré di ikùn mú, tó forí lé ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Kí lo jẹ?” nọ́ọ̀sì bi í.

“Mi ò jẹ nǹkan kan. Ṣingọ́ọ̀mù lásán ni.”

“Mélòó lóòjọ́?”

Ìyàwó kékeré fa dúrọ́ọ̀ abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ síta. Ìwé ṣingọ́ọ̀mù kún un dẹ́nu. “Á tó ogójì. Èyí tí kò ní ṣúgà ni o, Ìyálé. Nítorí èèrà.”

“Ogójì!” Nọ́ọ̀sì jókòó tòun taṣọ funfun. “Ohun tí wọ́n fi rọ́pò ṣúgà nínú rẹ̀, ìfun kì í gbà á tán. Bó bá pọ̀, á máa fa omi jọ, inú á wú, ìgbẹ́ gbuuru á sì dé. O kì í jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, àbí?”

“Oúnjẹ wà nílé lọ́jọ́ Àìkú.”

“Ajá mi ńkọ́?” Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó kékeré bo ojú. “Ó ya odidi páálí kan jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá. Mo rò pé kò lè ṣe é ní nǹkan kan.”

“Irú arọ́pò ṣúgà tí wọ́n ń fi sínú ṣingọ́ọ̀mù mìíràn máa ń pa ajá,” ni nọ́ọ̀sì wí.

“Ebi ń pa ọ́, o ò lè wí?” Abẹ́rẹ́ béèrè.

“Ẹ̀yin náà kì í jẹun, Ìyálé. Ọkọ mi á ní kí n wo bí ìbàdí yín ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, pé ẹ̀yin lẹ mọ ara tọ́jú. Mo kórìíra yín nítorí ẹ̀.”

“Ìbàdí mi lò ń jowú?” Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abẹ́rẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. “Èmi ń jowú ọwọ́ rẹ débi pé ẹ̀rù ara mi ń bà mí. Dìde, lọ jẹun.”

Màmá kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. Kò kọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpò náà, ó ń wọ́ ọ padà sílé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Kí ló wúwo tó báyìí nínú àpò yìí?”

“Ọdún mẹ́rìnlá ni, Màmá,” Abẹ́rẹ́ ní. “Ẹ rọra gbé e.”

Ìyàwó kékeré fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, bó ṣe ń wọn èjìká ọmọ mi obìnrin fún aṣọ ìgbéyàwó. Ibi tó bá a dé nìyẹn tó fi ní kí n sún sẹ́yìn, mò ń dí òun lójú.