Télọ̀ Tó Bú Ohùn Ìyá Mùjẹ̀mùjẹ̀

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Tí ẹ bá rí irọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀, kí bàtà mi méjèèjì di ti ẹsẹ̀ òsì láti òní lọ.

Ọmọbìnrin kan wà tí à ń pè ní Eléyín, torí eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọ́fíìsì dókítà eyín. Ẹni tó bá fi eyín ẹ̀ sẹ́nu á rún òkúta jẹ, á tún ní kí wọ́n fún òun sí i. Ìyẹ̀fun funfun tó fi ń mọ eyín máa ń bà sí i nírun, á wá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkùukùu bọ́ sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé kóòtù iṣẹ́ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní ìkòríta, kó bá a gé apá ẹ̀ kúrú. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, fọ́nrán òwú ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Télọ̀ gbójú sókè, ó rí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ dá ránṣọ lọ fún odindi wákàtí kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì kàn án.

"Ẹ jókòó, àǹtí," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n parí ìjà tí mò ń bá àwọn wọ̀nyí jà."

Tẹlifíṣọ̀n ló ń bá jà. Eré àwọn mùjẹ̀mùjẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹbí kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn àmọ́ tí wọ́n ń dákú tí wọ́n bá rí abẹ́rẹ́. Apá kìíní ẹ̀ ti pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín. Apá kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

"Kí lẹ rí sí apá kejì yìí?" Télọ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ti àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín títí okùn ṣòkòtò mi fi já. Ti èyí, ìyá mùjẹ̀mùjẹ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Ohùn tí wọ́n yá a yìí, bí ẹni ń wọ́ tábìlì lórí símẹ́ǹtì ló rí."

Àyà Eléyín já. Èdè ibòmíràn ni wọ́n fi ṣe eré náà, àwọn kan ló ń fi èdè wa sí i lẹ́nu. Ìyá tó bí Eléyín gan-an ló sì yá ìyá mùjẹ̀mùjẹ̀ lóhùn ní apá kejì.

Ó yẹ kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ Télọ̀ ti ń ṣe bíi tábìlì, ó ń fi ohùn yẹn pe òwú, ó fi ń bẹ sísọ́ọ̀sì. Ẹ̀rín gbé Eléyín lọ, ojú sì tún ń tì í.

Ibì kan wà lórí fóònù tí àwọn olùwòran ti ń sọ èrò wọn, orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo wọn ń jẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan ní apá kejì dùn ju oyin lọ. Ẹlòmíràn ní wọ́n kàn fi ẹ̀jẹ̀ ṣòfò ni. Télọ̀ ò fẹ́ kọ tiẹ̀, ó sọ ọ́ sínú fóònù lójú Eléyín, pẹ̀lú tábìlì àti símẹ́ǹtì, ó sì fi ránṣẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹgbàá mẹ́wàá èèyàn ti gbọ́ ọ, ẹnì kan ò dín.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí Eléyín bá ti ṣíwọ́, á yà. Télọ̀ á gbé àpótí fún un lẹ́bàá fèrèsé. Bọ́tìnnì kóòtù ẹ̀ ò sì yéé tú, torí Télọ̀ ló ń mọ̀ọ́mọ̀ rán an kó má le. Kóòtù kan ṣoṣo, ìgbà mọ́kànlá ló tún un ṣe. Nígbà míì wọn ò ní sọ̀rọ̀ rárá. Oòrùn á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ògiri, á ṣe Eléyín bí ẹni pé ọ̀sán ọ̀hún ò ní tán mọ́ láyé.

"Ìfẹ́ mi," Télọ̀ ní lọ́jọ́ kan, "mú mi lọ rí ìyá ẹ."

"Má kánjú."

"Ṣé wọ́n máa ń jẹ èèyàn ni?"

"Ohùn tó o bú yẹn," ó rọra wí, "ohùn ìyá mi ni."

Abẹ́rẹ́ gún Télọ̀ níka. Kò tiẹ̀ mọ̀.

"Èmi àti màmá mi nìkan la wà láyé ara wa," Eléyín ní. "Tí wọ́n bá ní rárá, mi ò ní lè fẹ́ ẹ. Torí náà, má la ẹnu ẹ níbẹ̀. Màá ní ọ̀fun ń dùn ẹ́."

Ọjọ́ ìsinmi, wọ́n lọ. Yàrá náà mọ́ tónítóní, kọ́tìnnì funfun ń mì lẹ́lẹ́. Ìyá wo Télọ̀ láti orí dé bàtà.

"Ọ̀fun ń dùn wọ́n, mà," Eléyín yára sọ.

"Pẹ̀lẹ́ o." Ìyá mú fóònù ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Télọ̀ jáde gbàù: tábìlì, símẹ́ǹtì, gbogbo ẹ̀. "Ohùn tó o ní kí ọ̀fun tó dùn ẹ́ nìyí, àbí?"

Ilẹ̀ ò lanu gbé wọn mì. Ní ìparí, ẹ̀rín obìnrin kan dún nínú fóònù náà, ó pẹ́, ó sì dùn.

"Ti Télọ̀ ò dùn mí," Ìyá ní. "Kò mọ̀ mí rí. Ẹ̀rín yìí ni. Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó hu eyín."

Eléyín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀. "Ẹ má bínú, màmá mi. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ fún un, kò ní bá mi rẹ́rìn-ín mọ́."

Ìyá kọjú sí Télọ̀. "Ìwọ, fi ọ̀fun sílẹ̀. Ibo gan-an ni mo ti bà á jẹ́? Má pọ́n mi."

Òógùn bo Télọ̀, ó tó kún garawa. Àmọ́ kò purọ́. "Ibi tí ọmọ mùjẹ̀mùjẹ̀ yẹn ti fẹ́ fi ilé sílẹ̀ ni, mà. Ẹ pariwo mọ́ ọn. Ó ṣe mí bí ẹni pé ìyá ẹ̀ ò fẹ́ràn ẹ̀."

Ìyá fọwọ́ dá kọ́tìnnì tó ń mì dúró.

"Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn," ó ní, "mi ò rí mùjẹ̀mùjẹ̀ kankan. Ọmọ mi yìí ni mò ń rí lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Mo pariwo kí n má bàa sunkún lójú àwọn èèyàn."

Ló bá gbé ọwọ́ lé orí Eléyín, ó tún ọ̀rọ̀ eré náà sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn: "Máa lọ, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn yìí ò ní tì mọ́ ẹ."

Omijé Eléyín ń já bọ́, kò nù ún. Télọ̀ ò mọ ibi tó máa wò.

"Mà," ó ní, "ṣé inú eré la ṣì wà?"

"Inú ilé mi la wà, ọkọ ọmọ mi. Jókòó dáadáa."

Wọ́n ṣègbéyàwó, mo wà níbẹ̀. Mùjẹ̀mùjẹ̀ mẹ́rin gidi wá jókòó sẹ́yìn, wọ́n ṣí agboòrùn. Mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ọwọ́ wọn tutù bí yìnyín. Èyí àgbà níbẹ̀ sì sọ fún mi pé apá kẹta, èmi gan-an ni wọ́n máa...

"Dìde ńbẹ̀ yẹn, ìwọ ọmọ yìí," ni àwọn tó ń gbọ́ mi wí. "Ó ti tó. Gba ilé yín lọ."