Ṣọ́ọ̀bù Olówó Pọ́ọ́kú Létí Ọ̀sà

Abẹ́ igi àgbọn ni Moyọ̀sọ́lá bá ààrò gáàsì rẹ̀ nígbà tó ti ọjà dé. Wọ́n ti gbé e kúrò nínú ilé ìdáná, òjò wínníwínní sì ń kán sí i lórí. Àwọn abọ́ tó fi ń po kéèkì wà lórí rẹ̀. Omi ti kún ọ̀kan nínú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ta ló gbé e síta?"

Àǹtí Bọ́ládé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbójú sókè.

"Èmi ni. Ilé ìdáná mi kì í ṣe ilé búrẹ́dì. Ẹyin lórí tábìlì, fúláwà lẹ́nu ìkòkò ọbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ se iṣu nínú ilé ara mi, wọn á ní kí n dúró kí kéèkì jinná ná. Ó tó gẹ́ẹ́."

"Ìgbéyàwó Favour tó ní kí n ṣe kéèkì fún òun ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, mà."

"Favour kọ́ ló ni ilé. Wá ibi tí o máa gbé e sí kí oṣù yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa pe àwọn tó ń ra irin àlòkù."

Moyọ̀sọ́lá da omi inú abọ́ náà nù, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Ìyá rẹ̀ ló ni ààrò yẹn, òun náà ló sì kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe kéèkì nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń gbé ní Morogbo. Ó ti lé ní ọdún kan tí ìyá náà ti kú. Nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, ààrò yìí nìkan ló ṣì lè gbóná. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá rẹ̀, awakọ̀ tó ń ná òkè Ọya, fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ibereko. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Moyọ̀sọ́lá. Ó ti jáde iléèwé girama, kéèkì ló sì fẹ́ fi rówó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bí kò bá rí ibi gbé ààrò sí, gbogbo rẹ̀ parí nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣọ́ọ̀bù. Owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn onílé ẹ̀bá títì ní Ibereko ń béèrè. Èyí tó rí ní Kankon kò ní iná, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Onílé kan wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé kò sí àgbàlagbà nílé yín ni?" Ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Mákánjú tó wà létí ọ̀sà. Owó rẹ̀ kò tó ìlàjì ti Ibereko. Mákánjú sọ fún un lórí fóònù pé, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí o wá wò ó. Ọjọ́ mìíràn kò rọ̀ mí lọ́rùn."

Ó lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Táìlì funfun wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ, fèrèsé ńlá kan sì kọjú sẹ́yìn. Atẹ́gùn tútù tó mọ́ ń fẹ́ wọlé láti ojú omi. Lẹ́yìn ilé, ààrò amọ̀ ribiti mẹ́fà tò lọ, wọ́n fi páànù dé wọn lórí. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi obìnrin àgbàlagbà kan tó ń tún agbọ̀n ṣe.

"Kí ló dé tí owó rẹ̀ kò fi pọ̀, sà?" ni Moyọ̀sọ́lá béèrè.

Mákánjú rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n fi kún un ni? Àánú rẹ ló ṣe mí. Ọmọ tí kò ní ìyá."

Obìnrin tó wà lẹ́yìn ilé gbóhùn sókè. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Ègùn nínú. "Ìwọ yovo yìí, kí lo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?" Yovo ni àwọn Ègùn ń pe òyìnbó. Aṣọ funfun Moyọ̀sọ́lá àti bàtà rẹ̀ tó mọ́ ló ń bú.

"Kéèkì ni, mà."

"Kéèkì?" Obìnrin náà gbé agbọ̀n sílẹ̀. "Tún wá lọ́la. Tún wá lọ́túnla. Lẹ́yìn náà kí o tó sanwó."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́la, mà?"

"Mo ní kí o wá. Ṣé mo jẹ ọ́ ní àlàyé ni?"

Mákánjú rẹ ohùn sílẹ̀. "Má dá Ìyá Zinsu lóhùn. Ó ti pẹ́ tó ti fojú sí ṣọ́ọ̀bù yìí fún ọmọ rẹ̀. Ìlara ni."

Ohùn obìnrin náà le, ti Mákánjú sì dùn. Èyí tó dùn ni Moyọ̀sọ́lá gbà gbọ́. Ó sanwó ọdún kan lọ́jọ́ náà. Mákánjú ní òun máa mú ìwé àdéhùn wá tó bá yá.

Ọjọ́bọ̀ ló kó ẹrù dé. Kò tíì gbé ààrò rẹ̀ sílẹ̀ tí èéfín fi gba ojú fèrèsé wọlé. Iná ń jó nínú gbogbo ààrò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹja sì kún orí wọn. Ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé àwọn apẹja àdúgbò náà kì í lọ sí òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo ọjọ́ yòókù ni ọkọ̀ wọn ń gúnlẹ̀, gbogbo ọjọ́ yòókù ni àwọn obìnrin sì ń yan ẹja. Bẹ́ẹ̀, bọ́tà kì í kọ òórùn. Ohunkóhun tó bá wà nítòsí ló ń gbà sára.

Ó jáde sí wọn. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ ò lè yan ẹja yín síbòmíràn?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ gbọ́ o. Àlejò àná ní kí onílé kó jáde."

Òmíràn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, kéèkì ẹlẹ́ja ló fẹ́ tà."

"Ìyá ọkọ mi ló mọ ààrò yìí," ni Ìyá Zinsu wí. "Èmi kọ́ ni mo gbowó rẹ. Mo ní kí o padà wá lọ́la, o wò mí bí ẹni tó ń jowú. Ó yá, kọ́ èéfín kó má wọlé."

Ojú ti Moyọ̀sọ́lá, ojú tó tì í náà ló fi gbé ẹnu sókè. "Ẹni tí kò lọ iléèwé kò lè mọ̀ pé òórùn ń ba oúnjẹ jẹ́."

Ẹ̀rín tán. Ìyá Zinsu yí ẹja tó wà níwájú rẹ̀ padà, kò sì wo ibi tó wà mọ́.

Favour wá tọ́ kéèkì wò lọ́jọ́ Sátidé. Ó gé díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó dúró.

"Moyọ̀, ṣé ẹja lo fi pò ó ni?"

"Èéfín ló..."

"Ṣé kí n máa pín àlàyé fún àwọn àlejò mi ni? Ìyá ọkọ mi á ní mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá tún ń rùn báyìí, mo máa gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíràn, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè."

Moyọ̀sọ́lá lọ bá Mákánjú pé kó dá owó òun padà.

"Owó tó ti wọlé kì í jáde," ni Mákánjú dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n iléèwé míṣọ́nnárì ni wọ́n ní o lọ. O mọ ìwé kọ. Kọ lẹ́tà sí àwọn wolé-wolé tó ń bẹ ilé wò fún ìjọba ìbílẹ̀."

"Kí n ní kí ni, sà? Pé èéfín ń wọlé?"

"Èéfín ẹja kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ta ló máa dá ọ lóhùn? Kọ ọ́ pé rọ́bà àti táyà ni wọ́n fi ń dáná yan ẹja."

"Igi ni wọ́n ń lò, sà. Mo fojú mi rí i."

"Ṣé o fẹ́ ṣọ́ọ̀bù àbí o kò fẹ́?"

Wọ́n ti kọ́ Moyọ̀sọ́lá ní iléèwé pé kí lẹ́tà ṣe ṣókí, kó sì yéni. Lẹ́tà rẹ̀ ṣe ṣókí, ó sì yéni. Ìlà kan péré nínú rẹ̀ ni irọ́. Ìlà kan náà ló ṣe gbogbo iṣẹ́.

Àwọn wolé-wolé dé láàárọ̀ Ọjọ́rú, ẹja tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí iná. Ọ̀gá wọn ka lẹ́tà náà sókè, ó ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn obìnrin náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kó wo igi tí àwọn tò jọ. Ó ní ọ́fíìsì ni kí wọ́n wá sọ ọ́. Àwọn wolé-wolé pa iná, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ààrò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé kí ẹnikẹ́ni má dáná níbẹ̀ mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, eṣinṣin ti bo ẹja inú agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ táyà dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn alájàpá kò sì ra ẹja lọ́wọ́ wọn mọ́, àní èyí tí wọ́n ti yan tẹ́lẹ̀.

Wọn kò bú Moyọ̀sọ́lá. Wọn kò bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ẹni tó ń ta yìnyín kò ta fún un mọ́. Bó bá kí wọn, wọ́n á máa wo ojú omi. Láràárọ̀ ló ń bá ìfun ẹja lẹ́nu ọ̀nà, tí á sì gbá a fúnra rẹ̀.

Kéèkì Favour kò rùn. Favour yìn ín, ó sanwó tó kù. Moyọ̀sọ́lá tọ́ ìgékù rẹ̀ wò, ó dùn bíi ti ìyá rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó da èyí tó kù nù.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó náà, Mákánjú mú ọkùnrin kan wá tó ń fi okùn wọn ilẹ̀.

"Kó ẹrù rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí," ló wí. "Ilé ìtura ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbí. Àwọn ẹlẹ́ja yẹn ni kò jẹ́ látọjọ́ yìí."

"Mo san owó ọdún kan, sà."

"Ìwé àdéhùn rẹ dà?"

Mákánjú kò mú ìwé náà wá rí.

"Bó o bá fẹ́ pariwo, pa á. Orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, kì í ṣe tèmi."

Wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tó yá, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde. Ìyá Zinsu jókòó ti ààrò rẹ̀ tó ti tutù.

"Irọ́ ni mo pa mọ́ yín, mà," ni Moyọ̀sọ́lá wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Àwa la ń ṣẹ́ igi. Ṣé o rò pé a kò mọ̀?"

"Mo fẹ́ lọ sọ fún àwọn wolé-wolé."

"Nítorí pé ó lé ọ. A gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Bí kò bá lé ọ ńkọ́, ṣé o máa wá?"

Èsì kan wá sí Moyọ̀sọ́lá lẹ́nu, èsì tó dára. Kì í ṣe òótọ́. Ó gbé e mì.

"N kò mọ̀, mà."

Ìyá Zinsu wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa iná. "Ó dáa. Bọ́ sọ́nà."

Moyọ̀sọ́lá kọ lẹ́tà kejì pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ táyà inú ti àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀gá àwọn wolé-wolé ka lẹ́tà kejì, ó fi í lu tábìlì. "Ṣé o mọ̀ pé mo lè fà ọ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ẹ má tíì fà á," ni Ìyá Zinsu wí. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ kà á létí àwọn alájàpá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú un bó bá wù yín."

Moyọ̀sọ́lá dúró láàárín ọjà, ó ka lẹ́tà náà sókè, ó tún orúkọ ara rẹ̀ kà. Wọ́n hó lé e lórí. Ẹnì kan béèrè bóyá irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní iléèwé míṣọ́nnárì nìyẹn. Ó kà á dé ìparí.

Bí wọ́n ti ń padà, Ìyá Zinsu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ká ní o béèrè ni, à bá fi páànù dí ẹ̀yìn fèrèsé rẹ. À bá máa yan ẹja láàárọ̀ nìkan, kí ìwọ máa ṣe tìrẹ lọ́sàn-án. Ìbéèrè kan péré."

Wọn kò mú un. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, àwọn wolé-wolé wá wo igi, wọ́n sì ní kí àwọn obìnrin náà tún dáná. Ọkùnrin onílé ìtura kò padà wá mọ́, ṣùgbọ́n Mákánjú lé Moyọ̀sọ́lá síbẹ̀, kò sì dá owó rẹ̀ padà. Nínú àwọn alájàpá tó sá, àwọn kan padà. Àwọn kan kò padà.

Lẹ́yìn náà, Moyọ̀sọ́lá rí ìdajì ṣọ́ọ̀bù kan háyà ní Ibereko lọ́wọ́ Abdulrasaq, aránṣọ. Kò fẹ̀, kò sì ní táìlì. Ó lọ wò ó lọ́jọ́ Ajé, ó lọ lọ́jọ́bọ̀, ó tún lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì ohun tí wọ́n ń ṣe, àti bóyá iṣẹ́ òun máa ni wọ́n lára.

"Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?" ni Abdulrasaq béèrè. "Ìbéèrè yìí mà pọ̀ o."

"Ó sàn kí ẹ bínú sí mi báyìí, sà, ju kí ẹ bínú sí mi lẹ́yìn tí mo bá kó dé." Ó gba ìwé àdéhùn kó tó sanwó.

Ó ṣì ń gba etí ọ̀sà kọjá nígbà mìíràn. Ó máa ń kí àwọn obìnrin náà. Àwọn kan ń dá a lóhùn. Ìyá Zinsu kì í dá a lóhùn, Moyọ̀sọ́lá kò sì bínú sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owó nǹkan bá jẹ́ pọ́ọ́kú, ẹ béèrè ẹni tó ń san ìyókù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ máa bá níbẹ̀, kó má ṣe jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbowó yín nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sì fi ìwé tí ẹ kà paná ẹlòmíràn kí tiyín lè jó. Òótọ́ lè tún iná náà dá, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹja tó ti bàjẹ́ padà sínú omi.