Ọ̀rọ̀ Tó Dá Bọ́ọ̀sì Dúró ní Ẹnubodè

"Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ yín ya odi?" Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ nìyẹn. Aláròyé kà á tán, ó da fóònù dé sórí tábìlì. Kò pẹ́, òmíràn tún wọlé: "Àbí àwọn ará ọ̀hún ti ra ẹnu yín ni?"

Aláròyé ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà láti kékeré, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àsìkò ọlidé ni, ó ń ran Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò lọ sí orílẹ̀-èdè kejì, tó sì ń kó wọn bọ̀. Òun ló ń kọ ìkéde sójú ìwé ilé-iṣẹ́ lórí ayélujára: ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra, ìgbà tó máa dé. Ṣùgbọ́n ìjọba méjèèjì ti ń fa odò tó wà láàárín wọn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn aṣojú ìjọba méjèèjì ti di ẹrù wọn lọ sílé. Fóònù ọ́fíìsì ò dákẹ́, ohùn Àǹtí Àgbà ti há.

"Àǹtí Àgbà, ṣé a ò ní sọ nǹkan kan ni? Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yòókù ti gbé àsíá ìlú wa sójú ìwé wọn."

Obìnrin náà ń fi ọwọ́ ra iwájú orí. "Sọ pé ọkọ̀ àárọ̀ ti lọ, pé ti ọ̀la ò tíì dájú. Ohun tá a mọ̀ nìyẹn. Ẹnu tá a fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ la fi ń jagun."

Ó bá tirẹ̀ lọ wo táyà lẹ́yìn ilé. Fóònù tún dún: "Ojo ni yín." Ara Aláròyé ò gbà á mọ́. Ó ṣí ojú ìwé ilé-iṣẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀yin olè odò, a ó lé yín padà sínú ihò yín." Kí ó tó mí, àwọn èèyàn ti ń pín in kiri, wọ́n ń yìn ín. Orí rẹ̀ wú. Kò rántí pé bàbá òun ló wa ọkọ̀ àárọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ ọkọ̀ pè láti ẹnubodè. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ọ̀gá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ti ìhà ọ̀hún ti dá wa dúró. Wọ́n fi ohun tá a kọ han dírẹ́bà. Wọ́n ní ihò wo la fẹ́ lé àwọn wọ̀. Wọ́n ti mú un wọlé, wọ́n sì gba fóònù rẹ̀."

Àǹtí Àgbà ka ìkéde náà. Kò jágbe. Ó kàn jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé.

"Ẹ jẹ́ ká ní gbájúẹ̀ ló já wọ ojú ìwé wa," Aláròyé sọ, omi ti ń dà lójú rẹ̀.

"Tí wọ́n bá wá mọ̀ lọ́la pé irọ́ ni ńkọ́? Lọ́jọ́ tá a bá ní ara bàbá ẹ le, ta ló máa gbà wá gbọ́? Pa á rẹ́. Mú kálámù."

Àwọn ẹbí èrò ti ń kún orí bẹ́ǹṣì. Ìyá arúgbó kan bi wọ́n bóyá ọmọ-ọmọ òun ti jẹun. "A ò mọ̀, màmá," Àǹtí Àgbà dá a lóhùn. "Tá a bá gbọ́, a ò ní fi pa mọ́."

Aláròyé kọ ìkéde tuntun, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó fi kún un pé gbogbo rẹ̀ máa tó dára. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fa igi lé e. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Èyí tó kù nìyí: "Ọ̀rọ̀ tá a kọ láàárọ̀ kò tọ́. Òṣìṣẹ́ wa ló kọ ọ́, a ti yọ ọ́, a sì bẹ ẹ̀yin ará ìhà méjèèjì. Ọkọ̀ wa kan wà ní ẹnubodè. A kò mọ ìgbà tí wọ́n máa tú u sílẹ̀. A ó tún fọhùn nírọ̀lẹ́, bí a kò tilẹ̀ rí nǹkan tuntun gbọ́."

Ìhà méjèèjì bú wọn. Ọ̀rẹ́ tó ní kí ó sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Aláròyé kọ ọ́ pé kò sí ìròyìn tuntun. Lọ́jọ́ kejì, ó tún un kọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn èrò tí wọ́n dá padà dé, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò sí láàárín wọn.

Ìgbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ tó wá wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó nà gbọọrọ sórí bẹ́ǹṣì.

"Wọ́n ní kí n kà á sókè létí gbogbo èrò," ó ní. "Ìdajì wọn, ará ìhà ọ̀hún ni wọ́n, ilé wọn ni wọ́n ń lọ. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn mi ti ń fún mi lómi mu láti àárọ̀. Nígbà tí mo kà á tán, kò wojú mi mọ́."

"Dádì, ẹ forí jì mí."

"Èmi ti forí jì ẹ́. Ìyá yẹn ni mi ò mọ ibi tá a ti máa rí." Ó di ojú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn ìlú ń jà, kí ó sọ èyí tó mọ̀, kí ó jẹ́wọ́ èyí tí kò mọ̀, kí ó sì kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ló wà lójú ọ̀nà.