Kí Ló Di Ọkọ̀ Náà Mú?

Orin ni télọ̀ ń kọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà bó ṣe ń wọ aṣọ tó ti gbó sọ́rùn. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ. Abẹ́ ọkọ̀ ló ń lọ.

Ọkọ̀ eré pupa ni, onílẹ̀kùn méjì, tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n bó bá ń kọjá lójú títì, àwọn ọ̀dọ́ ṣì máa ń yọ fóònù jáde láti ya fọ́tò rẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ti jẹ tán. Bí wọ́n bá ti fi í sí gíà kẹta, á máa lọ irin mọ́ irin, bí wọ́n bá sì ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀pá gíà á fò jáde fúnra rẹ̀. Télọ̀ ti rí òmíràn rà, àlòkù tó ṣì le dáadáa, ó gbé e sórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọbìnrin wọn ń bọ̀ láti yunifásítì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá sì ti ṣèlérí pé ọkọ̀ yẹn lòun máa fi kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà.

"Ṣé kò ní dáa ká dúró de mẹkáníìkì?" ìyàwó rẹ̀ bi í lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyá Ẹ̀rù, o tún ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ní ó di oṣù tó ń bọ̀ kóun tó ráyè. Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù títí ojú mi fi pọ́n. Ọwọ́ tó ń rán kóòtù, ṣé bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló máa wá dà á láàmú?"

Ìyá Ẹ̀rù lorúkọ tó fún un láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Tíṣà àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni obìnrin náà, ẹni tó bá sì ń ṣọ́ ọmọ kéékèèké jẹun, ó di dandan kó mọ ẹ̀rù bíbà. Ó máa ń padà lọ wò bóyá òun ti pa gáàsì. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn tán, á tún fà á wò. Ọkọ rẹ̀ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ níwájú àlejò, òun náà á sì rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé kò lè yí padà mọ́.

Àgbàlá wọn dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ọ̀nà géètì. Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ náà sì ti rọ láti ìgbà tí bàbá àgbà, bàbá télọ̀, ti wà láyé, kò dì í mú dáadáa mọ́. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ni pé bí o bá ti gbé e dúró, fi í sí gíà kìíní kó o tó sọ̀kalẹ̀. Gíà ló ń dì í mú. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé kò sẹ́ni tó ń rò ó wò mọ́.

Àbúrò télọ̀ ló wá ràn án lọ́wọ́, ọkùnrin dúdú tó ń dán, tó ń ta bàtà. Adúmáadán ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é. Wọ́n ti jáàkì sábẹ́ iwájú ọkọ̀, irú èyí tó ní àwọn táyà kéékèèké lábẹ́, wọ́n sì gbé imú ọkọ̀ sókè títí táyà iwájú méjèèjì fi kúrò nílẹ̀. Ó wá ku táyà ẹ̀yìn nìkan tó fara kan ilẹ̀. Télọ̀ tẹ́ páálí, ó dùbúlẹ̀, ó wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ títí ó fi ku ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan níta.

Ojú fèrèsé ni ìyàwó rẹ̀ ti ń wo ẹsẹ̀ yẹn. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbé tíì jáde.

"Bàbá wọn, jáàkì kan ṣoṣo yìí ló gbé gbogbo èyí?"

"Jáàkì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn."

"Ṣé mo lè ti táyà méjì tó wà lẹ́yìn ilé yẹn sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?"

Adúmáadán bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀. "Lọ gbé e wá, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Kí ẹ̀rù rẹ wá bá mi gbé ẹrù ọkọ̀."

Ó yí àwọn táyà náà dé, ó to ọ̀kan lé ọ̀kan, ó tì wọ́n sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí àyà ọkọ rẹ̀ wà. Ó tún dúró. "Kí ló wá di ọkọ̀ náà mú, tí kò fi ní yí lọ?"

"Gíà ni. Ó wà ní gíà kìíní, bó ṣe máa ń wà. Máa lọ jàre."

Ìdáhùn yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Obìnrin tó ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bà á lẹ́rù jù lọ láàárọ̀ yẹn, ó mi orí, ó sì padà wọlé lọ fọ abọ́.

Kí èèyàn tó lè sọ gíábọ́ọ̀sì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin gígùn tó so gíà pọ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn. Télọ̀ tú bóòtù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ọkọ̀ ni Adúmáadán wà, ó ń ṣí awọ tó bo ẹsẹ̀ ọ̀pá gíà. Nígbà tí ṣáàfù bọ́, télọ̀ pariwo, "Ó ti yọ o!" Inú rẹ̀ dùn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú láti wá bóòtù tó kàn. Adúmáadán sọ̀kalẹ̀ láti wá wo iṣẹ́, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Ọkọ̀ náà mì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn sí ọ̀nà géètì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìpariwo. Jáàkì dojú dé. Imú ọkọ̀ já lulẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìró náà nílé ìdáná. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọ́ igbe ọkọ rẹ̀, àìgbọ́ yẹn ló sì jẹ́ kó sáré. Kò mọ bó ṣe dé ìta. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló rí, kò mira.

"Bàbá wọn! Bàbá wọn, dá mi lóhùn!"

Ẹsẹ̀ kan mira. Lẹ́yìn náà ohùn kan jáde, ó tín-ín-rín bí ohùn ọmọdé. "Ọwọ́ mi."

Adúmáadán ti di iwájú ọkọ̀ mú, ó fẹ́ fi ọwọ́ lásán gbé e. Ìyàwó pe nọ́ńbà àwọn panápaná, ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Obìnrin kan ló dáhùn ìpè náà.

"Mà, ṣé ó ń mí? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀."

"Wọ́n ti gbéra. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má fà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ gbé ọkọ̀ yẹn, ẹ má sì fi jáàkì yẹn gbé e mọ́. Bó bá tún já, orí rẹ̀ ló máa já lé. Ẹ wá nǹkan tó wúwo, ẹ fi há àwọn táyà, níwájú àti lẹ́yìn, kó má baà tún yí. Ẹ má wọ abẹ́ rẹ̀ o. Kẹ́ ẹ máa bá a sọ̀rọ̀."

"Adúmáadán, fi í sílẹ̀!" Kò jágbe mọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ báyìí rí. "Áyọ́ọ̀nù! Lọ kó àwọn áyọ́ọ̀nù ńlá ṣọ́ọ̀bù wá!"

Àwọn áyọ́ọ̀nù irin àtijọ́ tí télọ̀ fi ń lọ kóòtù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé ni wọ́n fi há táyà ẹ̀yìn. Obìnrin náà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fẹ̀gbẹ́ ojú lélẹ̀ kó lè rí ojú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ jókòó lé táyà méjì tó tò. Àlàfo tó wà láàárín irin àti àyà ọkùnrin náà kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Táyà òkè ti tẹ̀, ó sì ń dún díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá dún, obìnrin náà rò pé ó ti tán.

"Ìyá Ẹ̀rù," ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo wà ńbí."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. "Ó ń ba èmi náà," ó dáhùn. "Má dijú. Máa wò mí."

Àwọn panápaná dé, wọ́n to pákó nípọn sábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fa télọ̀ jáde. Bí áńbúláǹsì ṣe ń gbé e lọ, ọ̀gá àwọn panápaná yí ọkọ̀ náà ká, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Adúmáadán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

"Kí ló di ọkọ̀ yìí mú?" ọ̀gá bi í.

"Gíà ni, sà. Ó wà ní gíà kìíní."

"Gíà tí ẹ̀ ń tú?" Ọ̀gá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí ṣáàfù tó wà nílẹ̀. "Wò ó. Ṣáàfù yìí ni gíà fi ń di táyà ẹ̀yìn mú. Bẹ́ ẹ ti yọ ọ́, ẹ ì báà fi sí gíà mẹ́wàá, táyà ti dòmìnira. Táyà iwájú wà lófuurufú. Bíréèkì ọwọ́ ńkọ́?"

"Ó ti rọ, sà," Adúmáadán wí. Ìró ilẹ̀kùn tó pa dé gbàgà ló ń gbọ́ létí.

"Kò sẹ́ni tó ń wọ abẹ́ ohun tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e," ọ̀gá náà wí. "Jáàkì ń gbé nǹkan sókè ni. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé sábẹ́ rẹ̀ ló ń gbà á dúró. Táyà ìyàwó yẹn ló jẹ́ ká bá ẹ̀gbọ́n rẹ láàyè."

Ilé ìwòsàn gé ìka méjì kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún télọ̀, àwọn tó kù kò sì ká dáadáa mọ́. Ọmọbìnrin wọn dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lóòótọ́. Dípò kó jókòó sídìí sítíárì ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó jókòó ti ibùsùn, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Àwọn oníbàárà wá kó aṣọ wọn lọ, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọn kò sì padà wá. Ìyàwó ń jí gìrì lóru, ìró tó gbọ́ nílé ìdáná ló tún ń gbọ́.

Mẹkáníìkì ló padà pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì náà. Ìyàwó lọ dúró síbẹ̀, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n gbé ọkọ̀ sí, ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló sì dúró lé. Mẹkáníìkì gbá ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tagbáratagbára, ó ní bí kò bá ní í dúró, kó já nísinsìnyí tí kò sẹ́nì kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà pọ̀ mọ́ ọn, torí ẹni tó bá ti sọ gíà kalẹ̀ kì í fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó sì tún bíréèkì ọwọ́ tí gbogbo ilé ti fojú fò láti ayé bàbá àgbà ṣe.

Ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ wa ọkọ̀, bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tọ́jú ọwọ́ ọ̀tún sínú àpò. Nígbà tí wọ́n padà dé àgbàlá, ọmọ fi í sí gíà kìíní, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

"Dúró," ni bàbá wí. "Kí ló di ọkọ̀ yìí mú?"

Ọmọ wò ó. Ó fa bíréèkì ọwọ́. Ìyá rẹ̀ ti ń gbé òkúta bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi há táyà. Bàbá kò pè é ní Ìyá Ẹ̀rù. Ó kàn sọ pé, "Ẹ ṣé."

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bóyá ìwọ náà ní ọkọ̀ kan nílé tí o mọ àléébù rẹ̀, tí àléébù náà sì ti mọ́ ọ lára. Tún un ṣe. Bí o bá sì fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́la, dúró ná, kó o bi ara rẹ ní ìbéèrè télọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ jáàkì nìkan ni ìdáhùn rẹ, má wọ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí o fẹ́ tú gan-an ló dì í mú, má wọ ibẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé bá sì ní ẹ̀rù ń ba òun, má fi í ṣẹ̀fẹ̀. Jáde, kó o sì jẹ́ kó fi ohun tó ń bà á lẹ́rù hàn ọ́ kí o tó máa báṣẹ́ lọ.